Ọ̀rọ̀ Tí Kò Lámì

Alámì fi rúlà sábẹ́ ìlà àkọ́kọ́, ó ṣí bírò pupa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lábẹ́nu bí ẹni tó ń rẹ ọmọ. Bó ṣe máa ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ojú nìkan kò tó fi yẹ ìwé tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ wò, torí ojú a máa fo ohun tó bá ti mọ̀. Ẹnu ni kì í fo. Níbi tí ohùn bá ti lọ sókè, yóò fa ìlà kékeré sókè sórí lẹ́tà. Níbi tó bá ti lọ sílẹ̀, yóò fà á sílẹ̀. Níbi tó bá dúró sí àárín, kò ní fi nǹkan kan síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò padà wá fi àmì sábẹ́ àwọn lẹ́tà tó yẹ. Ojú ìwé mẹ́rìndínlógún láàárọ̀, mẹ́rìndínlógún lọ́sàn-án. Ọdún keje rẹ̀ nìyẹn nílé ìtẹ̀wé náà, àwọn òṣìṣẹ́ sì ti gbàgbé pé ó ní orúkọ mìíràn.

Ọkùnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà sídìí ẹ̀rọ ńlá ló wọlé tọ̀ ọ́ láìkan ilẹ̀kùn. Yíǹkì dúdú dé e ní ìgbọ̀nwọ́.

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń dá wa dúró," ló wí. "Ẹ̀rọ ti gbóná, bébà ti wà lórí ẹ̀, àmì lẹ̀ ń fà. Ẹni tó bá gbọ́ èdè, ṣé kò ní mọ ohun tí wọ́n ń sọ ni?"

Alámì kò gbójú sókè. "Ẹ káàárọ̀ ná."

"Ẹ káàárọ̀, mà."

"Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe kẹ́ ẹ tó kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ yìí?"

"Awakọ̀ ni mí."

Ó ti bébà kan sí i. "Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ fún mi, bẹ́ ẹ ṣe máa kọ ọ́ sí ọ̀rẹ́ yín."

Ọkùnrin náà kọ ọ́ wàràwàrà: Mo n wa oko.

Alámì gbé bébà náà sókè, ó kà á bí ẹni ń ka ìròyìn lórí rédíò: "Mo ń wá ọkọ. Ẹ kú ìrọ́jú, sà. Ọlọ́run á pèsè ọkọ gidi fún yín."

Ọkùnrin náà dúró, ó tún un kà fúnra rẹ̀, ẹ̀rín sì bú jáde lẹ́nu rẹ̀ débi pé ó ní láti di ojú ilẹ̀kùn mú. Yíǹkì ọwọ́ rẹ̀ dúró sára ilẹ̀kùn náà fún ọdún mẹ́ta.

Kò pé oṣù kan tí wọ́n fi sọ òun náà lórúkọ. Ó sọ fún ẹni tó ń tọ́jú bébà pé bébà rẹ̀ rin. Ó sọ fún akọ̀wé owó pé àròpọ̀ rẹ̀ kò pé. Kò pariwo, kò bínú. Kò kàn mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ mì ni. Wọ́n ní Òótọ́-Korò lorúkọ rẹ̀, nígbà tó sì gùn jù, wọ́n gé e sí Korò.

Korò ló wá kọ́ Alámì bí ojú ìwé ṣe ń jókòó sára bébà. Ó mú tákàdá funfun kan lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ṣẹ́ ẹ po sí méjì, ó tún un ṣẹ́po, ó tún un ṣẹ́po lẹ́ẹ̀kẹta. "Ẹ kọ nọ́ńbà sí i, oókan dé ẹẹ́rìndínlógún." Alámì ń yọjú sínú ìṣẹ́po, ó ń kọ ọ́. Nígbà tó tán, Korò tẹ́ tákàdá náà sílẹ̀, ìdajì nọ́ńbà ló dorí kodò.

"Yéè! Mo bà á jẹ́!"

"Ẹ ò bà á jẹ́. Báyìí ló ṣe máa ń rí lára ẹ̀rọ. Èyí tó dorí kodò yẹn, tí a bá ká a tán, òun náà á nàró láàárín àwọn yòókù."

Ó di àṣà wọn. Obìnrin a máa bi í nípa yíǹkì àti omi, bí àwọn méjèèjì ṣe ń bára wọn gbé lórí ẹ̀rọ kan láìdàpọ̀. Ọkùnrin a máa bi í pé kí ló dé tí ọ̀rọ̀ kan fi ń lọ sókè. Títí ọjọ́ tí àtẹ̀jíṣẹ́ kan láti ọ̀dọ̀ Korò wọlé sórí fóònù Alámì: Mo fe e.

Ó dà á kọ sórí bébà, ó sì fi ránṣẹ́ padà sídìí ẹ̀rọ: "Fẹ́ ni àbí fẹ̀? Ṣé ẹ fẹ́ mi ni, àbí ẹ fẹ́ sọ mí di fífẹ̀ bí ẹnu ọ̀nà?"

Korò pa ẹ̀rọ. Gbogbo ilé dákẹ́ lójijì, torí wọn kì í pa ẹ̀rọ náà lọ́sàn-án. Ó wá dúró lójú ilẹ̀kùn. "Mo fẹ́ ẹ," ló wí. "Ohùn òkè ni. Fà á sókè."

Ọjọ́ yẹn ni "ẹ̀yin" di "ìwọ" láàárín wọn.

Bàbá Alámì kò takò ó níbẹ̀rẹ̀. Òun náà ti ṣiṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé yẹn kan náà, ọdún márùndínlógójì nídìí ẹ̀rọ tó ń gé ìwé, abẹ rẹ̀ gùn tó apá ènìyàn, bàbá sì fi ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá fẹ̀yìn tì. Ó fẹ́ràn Ọ̀gá Àgbà tó ni ilé iṣẹ́ náà ju bí èèyàn ṣe ń fẹ́ràn ọ̀gá lọ. Nígbà tí ìyá Alámì dùbúlẹ̀ àìsàn tó gbẹ̀mí rẹ̀, Ọ̀gá Àgbà fúnra rẹ̀ ló gbé e sínú ọkọ̀, tó jókòó tì í nílé ìwòsàn títí dókítà fi dé. Fún bàbá, ẹni tó bá ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọkùnrin yẹn ti di ẹbí.

Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá, ló ń ṣe alárinà. Aránṣọ ni, ẹnu rẹ̀ sì yá ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ. "Ẹ̀gbọ́n," ló wí fún bàbá, "mo ti wọn ọmọkùnrin náà láti èjìká dé ẹsẹ̀. Ẹnu ẹ̀ nìkan ló fẹ̀ díẹ̀. A lè ká a mọ́ ọn."

"Rọra ká a," ni bàbá dáhùn. "Má ká ọ̀fun mọ́ ọn."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí ẹbí méjèèjì jókòó pọ̀ nígbà tí ìwé ọmọ iléèwé kan bàjẹ́. Ọ̀gá Àgbà, tó ti pé ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ sí bébà tí wọ́n bá kọ́kọ́ tẹ̀ jáde. Ó gbé e sójú fèrèsé, ó wò ó títí, ó fọwọ́ sí i. Kò rí i pé ojú ìwé mẹ́rin dorí kodò níbi tí kò yẹ. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ni wọ́n tẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀.

"Ẹ̀rọ ló ṣe é," ni Ọ̀gá Àgbà wí.

"Ẹ má bínú, sà," ni Korò dáhùn lójú gbogbo òṣìṣẹ́. "Ẹ̀rọ ò mọ òkè yàtọ̀ sí ilẹ̀. Ojú yín ni. Ẹ jẹ́ kí ọmọ bíbí yín obìnrin máa bá yín fọwọ́ sí i."

Ọ̀gá Àgbà yí padà, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Bóyá ọ̀rọ̀ náà ì bá kú síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Korò ronú kan ọ̀gá tirẹ̀, ó ronú kan àwọn tó ń ṣèjọba, ó ronú kan gbogbo àga tí ẹni tó jókòó lé e kò dìde láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun. Ojú òpó kan wà lórí fóònù tí àwọn òṣìṣẹ́ àti oníbàárà jọ wà. Ibẹ̀ ló kọ ọ́ sí:

Agba wa ti gbo. Nibi ise o, nile ijoba o, e je ki won joko sile.

Kò sí àmì kan ṣoṣo níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ṣì í kà. Àgbà wa ti gbó. Kí wọ́n lọ jókòó sílé. Ojú òpó náà gbiná. Ẹnì kan ní, "Bàbá tìẹ náà ńkọ́, ṣé ẹ ti gbé e sí ẹ̀yìnkùlé?" Ẹlòmíràn ní, "Ọmọ yìí sọ̀rọ̀ o, ọkọ̀ tí ojú awakọ̀ ẹ̀ ò ríran, ta ló ń wọ̀ ọ́?" Oníbàárà pàtàkì kan tó jẹ́ ẹni ọgọ́rin ọdún ní òun ń kó iṣẹ́ òun lọ síbòmíràn. Ní ọjọ́ kejì, lẹ́tà dé ọwọ́ Korò pé kó máa lọ.

Bàbá ti gbọ́ kí Alámì tó délé. Ó jókòó sórí àga rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú.

"Kà wọ́n," ló wí.

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́..."

"Mo ní kí o kà wọ́n. Ìka mẹ́wàá. Ọdún márùndínlógójì lábẹ́ abẹ. Mo pé ẹni ọdún mọ́kànléláàdọ́rin lóṣù tó kọjá. Èmi náà ti gbó?"

"Kì í ṣe ẹ̀yin ló ń bá wí."

"Ta wá ni? Ṣé ó kọ orúkọ ẹnì kan síbẹ̀ ni? Gbogbo wa ló kó sínú àpò kan." Ó ká ọwọ́ rẹ̀ padà. "Mi ò ní fi ọmọ mi fún ẹni tí kò níṣẹ́, mi ò sì ní fi í fún ẹni tó bú Ọ̀gá Àgbà. Kó lọ bẹ̀ ẹ́. Tí ó bá gba iṣẹ́ ẹ̀ padà, kó tún wá."

Alámì kò sùn dáadáa ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn. Òun gan-an kò fara mọ́ ohun tí Korò kọ. Bàbá òun kò gbó. Ó kàn ti dàgbà ni. Àmọ́ ó ń bi ara rẹ̀ pé, ṣé torí èrò orí nìkan ló yẹ kí wọ́n fi lé ẹni tó mọ iṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ṣé torí ìlà kan lórí fóònù lòun fi máa pàdánù ọkọ? Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, bó ṣe ń ka ọ̀rọ̀ náà lábẹ́nu bí ó ṣe máa ń ṣe nídìí iṣẹ́ rẹ̀, ó kùn ún lọ́nà mìíràn. Ó dúró. Ó tún un kùn. Ó wá bírò.

Ó bá Korò ní yàrá rẹ̀, níbi tó ti ń tú fáànù kan palẹ̀ torí kò rí nǹkan mìíràn tú. Ó gbé bébà fún un. Korò kà á sókè:

"Àgbà wa ti gbọ́. Níbi iṣẹ́ o, nílé ìjọba o, ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó sílẹ̀." Ó gbójú sókè. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ìwọ ni. Lẹ́tà kan ò yí padà níbẹ̀. Àgbà ti gbọ́ ohun tí à ń wí, ẹ fún wọn lága kí wọ́n jókòó. Ọ̀wọ̀ lo bù fún wọn. Àwọn tó kà á ló ṣì í kà."

Korò rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Orí ẹ pé o. Ọ̀rọ̀ méjì péré! Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí mo sọ nìyẹn."

"Mo mọ̀."

"Ṣé o gbà pé mo jàre?"

"Mi ò gbà. Bàbá mi ò gbó. Àmọ́ ohun tí o rò ni o sọ, mi ò sì fẹ́ kí ó pa wá lára. Fọwọ́ sí i. Ọ̀gá Àgbà náà ń wá ọ̀nà, wọn ò rí ẹni tó lè wa ẹ̀rọ ńlá aláwọ̀ mẹ́rin yẹn. Tí o bá fọwọ́ sí i lónìí, lọ́jọ́ Mọ́ńdè o ti padà."

"Tí mo bá tún wá sọ nǹkan lọ́la, ta ni yóò gbà mí gbọ́?"

"Èmi."

"Ìwọ lo máa kọ́kọ́ wò ó pé, gbó ni àbí gbọ́." Ó dá bébà náà padà fún un jẹ́jẹ́, bí ẹni ń dá ẹyin padà sínú ìtẹ́. "Jẹ́ kí n wáṣẹ́ síbòmíràn. Fún mi lóṣù mẹ́fà."

Oṣù mẹ́fà. Alámì ń rìn lọ sílé, ó ń ṣírò rẹ̀. Bàbá kò ní dúró de ẹnikẹ́ni fún oṣù mẹ́fà. Ó ti ń dárúkọ ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì. Ọkàn rẹ̀ kan ń sọ pé, "Fi í sílẹ̀." Èkejì ní, "Tí iná bá kú tán, kò sẹ́ni tó ń bínú sí ẹni tó da omi sí i." Ó tẹ ọ̀rọ̀ inú bébà náà ní mímọ́ sórí lẹ́tà kan, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bẹ̀ Korò sí Ọ̀gá Àgbà. Ó fi ìlà méjì àti kókó kékeré kan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, bí Korò ṣe máa ń fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́. Ó gbé e fún Bàbá Kékeré.

"Ó gbà?" ni Bàbá Kékeré bi í.

"Ó gbà, sà."

"Ọpẹ́ o! Mo sọ fún wọn pé ẹnu ẹ̀ ṣeé ká mọ́ ọn."

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Ọ̀gá Àgbà ka lẹ́tà náà sókè nínú ọgbà ilé iṣẹ́. Ojú rẹ̀ tàn. "Ọmọ dáadáa," ló wí. "Àwa la ò kà á bó ṣe yẹ." Wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ sójú òpó, àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n bú ara wọn pé aláìmọ̀wé. Bàbá Alámì wọ bàtà rẹ̀ tó dára, ó ní kí wọ́n má yí ọjọ́ ìjókòó ẹbí padà mọ́. Fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin, Alámì láyọ̀.

Ní ọwọ́ ọ̀sán, ó wà nídìí iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Korò ló kọ ọ́ sójú òpó:

Àgbà wa ti gbó. Níbi iṣẹ́ o, nílé ìjọba o, ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó sílé. Ohun tí mo sọ nìyí.

Kò fi àmì sí ọ̀rọ̀ lórí fóònù rí láti ìgbà tí Alámì ti mọ̀ ọ́n. Ó ti ní láti wá àwọn lẹ́tà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ Alámì ti gbé bírò pupa kó tó mọ̀. Ó tẹ̀ lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì rí ibi kan tó máa fọwọ́ kàn. Ó gbé bírò náà kalẹ̀, ó sì sunkún.

Nígbà tó lọ bá a, Korò ti ń di ẹrù.

"O ò sọ fún wọn pé èmi ni mo kọ lẹ́tà yẹn," ni Alámì wí.

"Iṣẹ́ kan ti bọ́. Kí la fẹ́ fi bíbọ́ èkejì ṣe?"

"Wọ́n ń pè ọ́ ní ẹlẹ́nu méjì. Wọ́n ní o bẹ̀bẹ̀ láàárọ̀, o sì kó ọ̀rọ̀ rẹ jẹ lọ́sàn-án."

"Mo ti kà á."

"Ẹ̀rù ló bà mí."

"Mo mọ̀." Ó jókòó sórí àpótí rẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́. "Ọ̀gá Àgbà lé mi, kò gba ẹnu mi. Bàbá yín kọ̀ mí, wọn ò gba ẹnu mi. Ìwọ tí mo..." Kò parí rẹ̀. Ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí Alámì rí i tó gbé ọ̀rọ̀ mì.

Oṣù mẹ́jọ kọjá. Bàbá Kékeré, tó bá a kẹ́dùn ju bó ṣe ń jẹ́wọ́ lọ, ló ń mú ìròyìn wá. Korò ti dé ilé ìtẹ̀wé márùn-ún. Wọ́n fẹ́ràn ọwọ́ rẹ̀ níbi gbogbo, títí wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Ọ̀gá kan ní, "Ọ̀rọ̀ tó sọ nípa àgbà ò kàn mí, bí bàbá èmi náà ṣe rí nìyẹn. Àmọ́ ẹni tó kọ méjì lọ́jọ́ kan, èwo ni n ó dì mú?" Ó ti ń ru bébà nínú ilé ìkẹ́rùsí kan báyìí.

"Bàbá Kékeré," ni Alámì wí, "kò kọ méjì."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Lẹ́tà tí Alámì kọ lẹ́yìn ìyẹn gbà á ní ọjọ́ mẹ́rin. Ó kọ ọ́ gùn, ó ń ṣàlàyé ìfẹ́, ó ń ṣàlàyé bàbá. Ó fà á ya. Ó kọ ọ́ kúrú, ó dà bí ẹni tó ń bínú. Ó fà á ya. Èyí tó dúró kò ju ìlà méje lọ. Ó ní òun lòun kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ náà, òun lòun fọwọ́ èké sí i, pé ọkùnrin náà ti kọ̀ ọ́ lójú òun kí òun tó kọ ọ́, àti pé ohun kan ṣoṣo ló sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó kà á fún bàbá rẹ̀ kó tó fi í síta. Bàbá wo ọwọ́ ara rẹ̀ títí.

"O mọ ohun tí Ọ̀gá Àgbà máa ṣe."

"Mo mọ̀, sà."

"O purọ́ nítorí mi."

"Nítorí ara mi ni, Bàbá mi."

Ó fi í sójú òpó, ó gbé ẹ̀dà kan lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Àgbà. Ọ̀gá náà mú un súnmọ́ ojú, ó kà á pẹ́. Kò pariwo. "Ọmọ mi," ló wí, "ojú mi ò dára mọ́, mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹni tó ń bá mi wo ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí kò lè yí i padà. Mi ò lè gbà ọ́ mọ́." Alámì kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó lọ kó rúlà àti bírò rẹ̀. Kò rí i pé ọ̀gá náà ṣe àìdáa.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, lọ́sàn-án Jímọ̀, Bàbá Kékeré dé. Kò tíì jókòó tó fi bẹ̀rẹ̀.

"Ilé ìtẹ̀wé kan ti gbà á. Ìlú yẹn jìn, ìrìn àjò odindi ọjọ́ kan ni. Ọ̀gá wọn ní òun ka lẹ́tà kan lórí fóònù ẹnì kan. Ẹ̀rọ aláwọ̀ mẹ́rin ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́. Ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta lábẹ́ ẹ̀."

Alámì di etí àga mú. "Ó ti ka lẹ́tà náà, òun fúnra ẹ̀?"

"Ó kà á lójú mi. Ó ní kí n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ."

"Ṣé ó ń bínú?"

"Kò bínú. Mo bi í, mo ní, 'Ọmọ mi, ṣé kí n sọ fún un pé ò ń bọ̀?'" Bàbá Kékeré wo orí bàtà rẹ̀. "Ó ní òun fẹ́ràn ẹ. Ó ní àmọ́ tí òun bá délé, tí òun sọ̀rọ̀, tí o sì dákẹ́, òun á máa rò pé ò ń tún un kọ."

Bàbá Alámì dìde lórí àga rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé, ó wá dúró lẹ́yìn ọmọ rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká. Fáànù ń yí.

"Ìgbà wo ló máa bẹ̀rẹ̀?" ni Alámì bèèrè.

"Mọ́ńdè. Aago méje àárọ̀."

"Ó dáa," ló wí. Ó nu ojú rẹ̀, ó sì ka ọjọ́ náà sí ìka: Sátidé, Sọ́ńdè. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ní aago méje, yíǹkì á tún dé Korò ní ìgbọ̀nwọ́.